Àwọ̀ Dúdú Kọ́ Ló Ń Ba Yàrá Jẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sí ẹ̀mí burúkú kankan nínú bẹ́ẹ̀dì dúdú. Àwa ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tá a fẹ́ràn yàrá tí bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti tábìlì inú rẹ̀ dúdú, etí wa ti gbọ́ oríṣiríṣi. Wọ́n ní àwọ̀ ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ń sùn nínú rẹ̀ á máa lá àlá òkú. Wọ́n ní ọmọbìnrin tó bá ń wá ọkọ kì í ra kọ́bọ́ọ̀dù dúdú. Tá a bá sì gbé fọ́tò yàrá náà sórí Instagram, ẹnì kan á béèrè pé ṣé ilé òkú nìyí ni. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun tó ń dùn wá jù ni pé àríyànjiyàn àwọ̀ yìí kò jẹ́ ká rí ohun tó ń ba yàrá wa jẹ́ gan-an. Ní etíkun wa, omi ni ọ̀tá bẹ́ẹ̀dì: omi tó wà lábẹ́ ilé, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́, àti iyọ̀ tó wà nínú omi. Kí ẹ tó bi bẹ́ẹ̀dì pé kí ló dé tó fi dúdú, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é.

Ṣé Yorùbá ló kọ́ wa pé dúdú burú ni? Èdè wa fúnra rẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀. Tá a bá fẹ́ yin ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ dúdú tó ń dán, adúmáadán là ń pè é. Nǹkan tó bá dúdú tó wuyì, a ní ó dúdú bíi kóró iṣin. Aláró tó ń rẹ aṣọ sínú aró lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó lè dúdú dáadáa ló ń wá. Inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń jáde; àwọn tó ń pa òwe yìí fún wa ni wọ́n tún ń sá fún kọ́bọ́ọ̀dù. Igi kan tiẹ̀ wà nínú igbó wa tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ igi dúdú, irú èyí tí Òyìnbó ń pè ní ebony. Ọkàn igi náà ló dúdú, ẹnikẹ́ni ò kùn ún. Òkú ta ló ń ṣọ̀fọ̀?

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjọ wà níbẹ̀. Ilé àwọn aláṣọ funfun ni etíkun Ìlàjẹ. Ìjọ Celestial, tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo lọ́dún 1947, ní òfin pé kí ọmọ ìjọ má wọ aṣọ dúdú tàbí pupa, àyàfi tó bá jẹ́ aṣọ iṣẹ́. A ò bá òfin yẹn jà o. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: aṣọ ni wọ́n sọ, wọn ò dárúkọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fa òfin aṣọ wọ inú yàrá oníyàrá, òun gan-an ló ń ṣòfin tuntun. Ẹ wo Bíbélì tó gbé dání pàápàá, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Dúdú ni, kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ní àwọ̀ ọ̀fọ̀ ni níbi gbogbo láyé, ẹ jẹ́ ká bá wọn dé England. Ọbabìnrin Victoria wọ aṣọ dúdú láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún 1861 títí òun náà fi kú lọ́dún 1901. Láàárín àkókò yẹn kan náà, ní nǹkan bí ọdún 1867, E. W. Godwin ya àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan fún yàrá ìjẹun, dúdú látòkè délẹ̀. Ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé V&A ní London dòní. Ilẹ̀ kan náà, àwọ̀ kan náà: ọ̀kan fún ọ̀fọ̀, ọ̀kan fún ẹwà. Ẹ sì fi ọkàn sí èyí: igi ọ̀gànwó gidi ni wọ́n kùn ní dúdú.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwọn tá a fẹ́ bá jà gan-an ni àwọn tó ń ta dúdú dídán fún wa lórí fóònù. Wọ́n á ní MDF ni, wọ́n á ní ti òkè òkun ni. Kí ló ń jẹ́ MDF? Igi tí wọ́n lọ̀ di fọ́nrán, tí wọ́n po mọ́ gúlúù, tí wọ́n sì fi ooru tẹ̀ di pátákó ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní particle board tún wá kéré sí i: èérún igi lásán ni. Wọ́n á wá lẹ bébà dúdú tó ń dán mọ́ ojú rẹ̀, ó parí. Níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ó lè pẹ́ díẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, omi á gba etí ibi tí wọ́n ti gé e wọlé, á wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ìṣó á tú, ìlẹ̀kùn á yẹ̀, bébà á ká kúrò. Tó bá ti wú, kò sí káfíńtà tó lè dá a padà.

Ìgbà yẹn ni màmá á wá sọ pé, “Ṣé o rí i? Mo ti sọ fún ẹ pé dúdú yẹn ò dáa.” Omi jẹ gbèsè, wọ́n lọ mú dúdú. Ẹni tó ta èérún igi fún wa ní owó pákó gidi sì ti gba owó rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é lẹ́jọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ lọ wo ara ọkọ̀ pákó àwọn apẹja. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ìṣó ti wọnú pákó máa ń dúdú. Nǹkan kan wà nínú ara igi tí wọ́n ń pè ní tannin, òun náà ló ń mú kí tíì líle fún wa lẹ́nu. Tó bá pàdé irin nínú omi, dúdú ló ń dà. Ohun kan náà ni àwọn ará Yúróòpù fi ṣe yíǹkì fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Èèpo mangrove kún fún un, ó sì wà níbi tí wọ́n ti ń fi igi rẹ̀ yan ẹja, a ò ní láti gé òmíràn lulẹ̀.

Ẹ kó ìṣó tó ti dípẹtà sínú ọtí kíkan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má dé ìgò náà pa, torí ó ń yọ gáàsì. Ẹ se èèpo náà, ẹ fi omi rẹ̀ kun pákó tí ẹ ti fá dáadáa, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá fi omi ìṣó kun un. Ojú yín báyìí ni yóò ṣe máa dúdú. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù pákó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi fáníìṣì parí rẹ̀. Dúdú yẹn ò ní ká bíi bébà, torí ara igi ló wà.

Wọ́n á ní igi gidi wọ́n. Òótọ́ ni, ìrókò wọ́n. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì kan tó tọ́jọ́ sàn ju odindi sẹ́ẹ̀tì tó wú lẹ́yìn òjò kan. Ẹ ra bẹ́ẹ̀dì lọ́dún yìí, kí kọ́bọ́ọ̀dù dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ní kí káfíńtà fi bóòtù dì í kó ṣeé tú, nítorí ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé e láti Igbókòdá, ọkọ̀ kan náà ló sì lè gbé e sá fún omi lọ́la. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, kí abẹ́ fóòmù ní àlàfo kó má baà bu. Ògiri ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó funfun, torí dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ó sì ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọ̀pọ̀ ìlú etíkun wa ò ti rí iná ìjọba.

Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe àjèjì níbí. Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947, kó owó sí àpò kan, wọ́n dá ilé iṣẹ́ káfíńtà, bàtà àti ọkọ̀ sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ní iná mànàmáná ní nǹkan bí ọdún 1953. Àwọn tó ṣe bẹ́ Ẹ̀rọ lórí omi, ṣé àwa ọmọ-ọmọ wọn ni kò ní lè kan bẹ́ẹ̀dì?

Ìlú yẹn náà ni òkun ń jẹ báyìí. Ó ti gbé ilé lọ, ó ti gbé ilé ìwé lọ. Lọ́dún 2004 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun jáde. Wọ́n tún gbé e fún ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́dún 2009. Òkun ṣì ń wọlé. Yàrá tó dúdú àti yàrá tó funfun, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lé ikú kúrò nínú yàrá wa, a dúpẹ́. Ẹ fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ẹ lọ bá wa béèrè owó iṣẹ́ etíkun lọ́wọ́ àwọn tó gbà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ má ra èérún igi mọ́. Ẹ wá káfíńtà àdúgbò yín, ẹ jẹ́ kó fi igi gidi ṣe é, kẹ́ ẹ sì kùn ún kó dúdú bíi kóró iṣin.