Owó orí ilé ní Accra: Ta ni òfin ní kó san án, ta ni òfin yọ sílẹ̀?

Ní ìlú Accra, ẹni tó ń gbé inú ilé tó kọ́ àti ẹni tó kọ́ tirẹ̀ fún ayálégbé kò yẹ kí wọ́n san iye owó orí kan náà, bí ilé méjèèjì tilẹ̀ jọra bí ìbejì. Òfin Ghana ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kò bá fi hàn pé onílé fúnra rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, àǹfààní náà lè fò ó dá.

Ta ló ní àṣẹ láti gba owó náà?

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Ghana ti ọdún 1992 àti òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2016 gbé àṣẹ náà lé ọwọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Irú wọn pọ̀ ní Accra: Accra Metropolitan, La Dade-Kotopon, Ayawaso West àti àwọn mìíràn. Oníkálukú wọn ló ń dá iye tí yóò gbà, nítorí náà owó orí ilé méjì tó dojú kọ ara wọn ní ààlà lè yàtọ̀.

Ní 2023, ìjọba gbé gbígba owó náà fún GRA, àjọ tó ń gba owó orí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di 2024, iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Ẹ̀ka tó ń díye lé dúkìá ní Àjọ Ilẹ̀ Ghana ló ń ṣe ìṣirò náà. Ilé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ilẹ̀: èló ni yóò náni láti kọ́ irú rẹ̀ lákọ̀tun lónìí? Wọn yóò yọ iye tí àtúnṣe rẹ̀ yóò gbà kúrò. Bí onílé bá ń gbé inú rẹ̀, iye tí wọn yóò gbé owó orí lé kò gbọdọ̀ ju ìdajì owó ìkọ́lé náà lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé tí kíkọ́ rẹ̀ yóò gba 400,000 cedi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń gba cedi kan lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, onílé tó ń gbé ibẹ̀ kò ní san ju 200 cedi lọ. Ẹni tó fi tirẹ̀ háyà kò ní san dín ní 300.

Àwọn wo ni òfin yọ sílẹ̀?

Ilé ìjọsìn, itẹ́ òkú, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ìjọba, ilé àwọn aláàánú àti ti aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń fi ilé ṣe ni òfin ń wò, kì í ṣe ọjọ́ orí onílé. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin yọ ilé tí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ń gbé sílẹ̀; ní Ghana, ọjọ́ ogbó nìkan kò tó. Síbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ lè dín owó náà kù tàbí kó fojú fò ó fún ẹni tí kò rọ́wọ́ họrí, bí ó bá béèrè.

Bí iye náà kò bá tẹ́ onílé lọ́rùn ńkọ́?

Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí owó orí ilé wà. Ẹni tó bá dákẹ́ tí kò sì san án lè bá ara rẹ̀ nílé ẹjọ́, adájọ́ sì lè ní kí wọ́n ta ilé náà.

Awuyewuye yìí ti pẹ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀ ní Accra ní 1898, owó tí wọ́n bù lé ilé bí àwọn aráàlú nínú. Títí dòní, àwọn onílé ṣì ń wo ojú títì, ojú àgbàrá àti ìdọ̀tí kíkó kí wọ́n tó gbà pé owó wọn ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wólé, onílé ni kò níí gbà fún un. Kí onílé tó san owó, kó kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kọ sí orí ilé rẹ̀.