Lẹ́yìn Náà Ńkọ́?

Ọ̀gá kan nídìí ètò ìlera bọ́ sórí rédíò lọ́sẹ̀ yìí, ó ń yangàn pé iye aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé ju ti èṣí lọ. Inú bí mi gidigidi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka òpó yìí ti mọ ìbéèrè mi: lẹ́yìn náà ńkọ́? Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ: oògùn, owó ọkọ̀, àti ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn wo aláìsàn tó ti lọ sílé.

Oògùn ni àkọ́kọ́. Bí ara aláìsàn bá ti balẹ̀ báyìí, á ní òun ò nílò oògùn mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn ti ń rí ọ̀nà padà wọlé. Ẹni tó sì ń gbé Òkókómáíkò l'Ékòó, tí wọ́n ní kó padà wá gba oògùn ní ọsibítù ọpọlọ Yábà, kó múra sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Rélùwéè tí wọ́n ṣí ní 2023, Máìlì 2 ló parí sí nígbà náà, kò dé Òkókómáíkò.

Ní ti ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn, àbúrò ìyá mi jáde ní ọsibítù ọpọlọ kan lọ́jọ́ kan, wọ́n kọ ọjọ́ tó máa padà wá sínú káàdì. Ọjọ́ pé, ọjọ́ kọjá, kò sẹ́ni tó pè wá. Ìgbà tí àìsàn náà gbé e padà ni nọ́ọ̀sì wá ń jágbe mọ́ ìyá mi: “Màmá, ibo lẹ wà látọjọ́ yìí?” Ibo ni àwọn náà wà? Ẹni tó bá ń dá àjọ lọ́jà Alábà, kó pa ọjọ́ kan jẹ, alájọ á dé ìsọ̀ rẹ̀ wá béèrè rẹ̀. Ṣé owó wá ṣe pàtàkì ju ọpọlọ lọ ni?

Kì í ṣe pé a kò mọ bí a ṣe ń bojú wẹ̀yìn rí. Láti 1954, ní Àrò l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo ní kí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Bí ìṣesí ẹnìkan bá yí padà, ojú ẹbí àti aládùúgbò wà níbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ wa!

Ẹ jẹ́ kí n fi owó ọkọ̀ sílẹ̀, nítorí ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn ló máa mọ̀ pé owó ọkọ̀ ni kò sí. Wọ́n á ní òfin ti wà: òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò ti 1958. Ó dára, àmọ́ òfin kò lè kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni n'Íbà.

Ẹ̀yin alága kánsù Ọ̀jọ́ àti Ìbà, ẹ fi nọ́ọ̀sì kan àti ìwé kan sí ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé kọ̀ọ̀kan. Kí nọ́ọ̀sì máa kọ ìdáhùn sínú ìwé náà: Ta ló yẹ kó wá? Ta ni kò wá? Oògùn ta ló tán? Ta ló tún padà sí wọ́ọ̀dù? Kí wọ́n bi aláìsàn fúnra rẹ̀ bóyá wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Lóṣooṣù, ẹ ka iye wọn sétí ará ìlú, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá sì pa ọjọ́ jẹ, kí nọ́ọ̀sì pè é lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá gbé fóònù, kí nọ́ọ̀sì gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé rẹ̀, kí kánsù sanwó kẹ̀kẹ́ náà.