Lẹ́yìn Ayẹyẹ, Iṣẹ́ Dà?

Bí ìjọba bá ta àtíbàbà, tí ó to ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta àti ohun èlò onídìrí sí ìlà gbọọrọ, tí gómìnà tàbí mínísítà sì ń fa àwọn nǹkan wọ̀nyí lé àwọn àkàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn onífọ́tò ń yàwòrán, tí àwọn onílù ń lùlù, ohun rere ni ìjọba náà ṣe, ẹni tí ó bá sì pè é ní aburú kò ṣe ẹ̀tọ́; nítorí ó sàn kí a fún ènìyàn ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́ jẹun ju kí a máa sọ owó wẹ́wẹ́ sínú igbá rẹ̀ ní abẹ́ afárá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àtíbàbà yóò di kíká, gómìnà yóò padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, àwọn onílù yóò gba òde mìíràn lọ, ẹni tí ó gba ẹ̀rọ yóò sì gbé e délé. Láti ọjọ́ kejì ni ètò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ọjọ́ kejì yìí gan-an ni kì í sì í sí nínú ìròyìn tí ìjọba ń gbé jáde. A máa ń gbọ́ iye àwọn tí a kọ́ níṣẹ́; a kì í gbọ́ iye àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí ọdún yí po.

Kì í ṣe pé òfin ni a kò ní. Láti 2007 ni orílẹ̀-èdè wa ti fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ó sì ní kí agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 100 ya ó kéré tán àyè 1 nínú 100 sọ́tọ̀ fún wọn. Nígbà tí ó di oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2019, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ti wọlé tí ó ti jáde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún ọdún pípẹ́, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí ó ka ìyànjẹ àwọn àkàndá sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ìjìyà, tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀ràn wọn, tí ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe tó, jẹ́ kí àkàndá ẹ̀dá tó 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn. Inú gbólóhùn “níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe tó” yìí ni agbára òfin náà ń gbà ṣòfò, nítorí pé ọ́fíìsì tí kò bá gba ẹnì kan ṣoṣo yóò sọ pé kò ṣeé ṣe ni, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ó gbìyànjú tí kò fi ṣeé ṣe. Ẹ wá rò ó wò: ìjọba tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí níṣẹ́ ni ìjọba kan náà tí àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ lè rí ọ̀nà àbáyọ tí wọn kò fi ní í gbà wọ́n sí iṣẹ́.

Nígbà náà, kí ni a óò fi díwọ̀n irú ètò báyìí? Àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ ti dáhùn ìbéèrè náà nínú àdéhùn kan tí ó ṣe ní 1983, èyí tí orílẹ̀-èdè wa náà gbà wọlé: pé ìdí tí a fi ń tún ènìyàn mú bọ̀ sípò iṣẹ́ ni kí ó lè rí iṣẹ́ tí ó bá a mu, kí ó lè dúró lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì lè máa gòkè níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìwé ẹ̀rí kò sí níbẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ kò sí níbẹ̀, fọ́tò kò sí níbẹ̀. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí wọn èyí tí ó pọ̀ jù nínú ètò tí à ń ṣe, ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ni ètò tiwa ti máa ń parí.

Ní àdúgbò tí mo ń gbé, télọ̀ kan wà tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti pa á ní ẹsẹ̀ méjèèjì láti kékeré, ọkùnrin tí ó mọ aṣọ í gé, tí ó sì ní sùúrù. Ètò ìjọba kan fún un ní ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tí ń dán gbinrin. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni, irú èyí tí ènìyàn ní láti máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ irin pẹrẹsẹ tí ó wà nísàlẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó lè máa lọ sókè sódò. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹ̀rọ náà fi wà ní igun iyàrá tí wọ́n ń sá aṣọ lé e lórí, kí wẹ́dà kan tí ó wà ní ìkọjá títì tó wá bá a yọ bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò, tí ó ki irin kan mọ́ àgbá kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀rọ, tí ó sì fi igi yí irin náà lára kí ó má baà ha ọwọ́. Láti ọjọ́ náà ni télọ̀ wa ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí ẹ̀rọ, tí ó ń fi ọwọ́ òsì tọ́ aṣọ sọ́nà, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ni ó fi ń jẹun títí di òní. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni wẹ́dà náà ṣe. Nínú ìwé ìjọba, télọ̀ yìí ti di ẹni tí a ràn lọ́wọ́ láti ọjọ́ tí ó ti tẹ̀ka gba ẹ̀rọ. Oṣù tí ó fi jókòó láìrí iṣẹ́ ṣe kò sí nínú ìwé náà, wẹ́dà tí ó parí iṣẹ́ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí ó bá ṣe pé ẹnì kan jókòó ti ọkùnrin yìí kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ, tí ó bi í pé, “Ọ̀gá, báwo ni ẹ óò ṣe máa yí i?”, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tàbí ẹ̀rọ oníná ni wọn ì bá rà. Àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ẹgbẹ́ tiwọn jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí, ẹgbẹ́ tí ó ní aṣojú ní ìpínlẹ̀ gbogbo, bẹ́ẹ̀ sì ni àdéhùn 1983 tí mo mẹ́nu bà pàṣẹ pé kí a máa fọ̀rọ̀ lọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ ayẹyẹ ni a sábà máa ń pè wọ́n, nígbà tí a ti ra ohun tí a fẹ́ rà tán, tí a sì ti yan iṣẹ́ tí a fẹ́ yàn fún wọn tán.

Mo rò pé orísun àṣìṣe yìí jìn. Àwọn baba ńlá wa ka abuké, arọ àti àfín sí ẹni Òrìṣà, àkànṣe iṣẹ́ ọwọ́ Ọbàtálá, Ọba-ńlá, alámọ̀rere tí í mọ orí mọ ẹsẹ̀ ọmọ nínú òkùnkùn ikùn ìyá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ̀ ńlá ni, ó sì yẹ kí a máa kọ́ ọmọ wa ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti jẹ́ kí ọ̀wọ̀ náà di àánú, àánú sì ti di sàárà, a sì ń ṣe ètò iṣẹ́ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí bí ẹni ń ṣe sàárà: ohun tí a bá rí ni a ń fún wọn, a kò sì retí pé kí wọ́n wá jẹ́ ìṣirò rẹ̀ fún wa, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà kò retí pé kí ẹnikẹ́ni bi wá.

Ẹ wo ti àkókò. Ọmọ tí ó fẹ́ di télọ̀, káfíńtà tàbí mẹkáníìkì ní ilẹ̀ wa a máa lo ọdún lọ́dọ̀ ọ̀gá. Yóò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, yóò mọ àwọn oníbàárà ọ̀gá rẹ̀, yóò mọ ibi tí a ti ń ra ọjà ní owó pọ́ọ́kú, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ yóò sì dá a mọ̀ ní ọjọ́ tí ó bá gbòmìnira. Àkàndá ẹ̀dá tí a pè sí ètò ìjọba, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni a sábà máa ń fún un, nínú gbọ̀ngàn kan tí ó dá wà, láàárín àwọn tí wọ́n wà ní irú ipò rẹ̀, kò mọ oníbàárà kan, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tí ara rẹ̀ pé kò bá lè di télọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ló dé tí a fi rò pé ẹni tí etí rẹ̀ di tàbí tí ojú rẹ̀ fọ́ yóò dì í? Èrò tèmi ni pé kí ìjọba fi owó gbọ̀ngàn náà san owó ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù wọn, kí ó fi ògbufọ̀ èdè ọwọ́ ti adití níbẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, kí ó sì san owó ọkọ̀ arọ tí kò lè rin ọ̀nà jíjìn. Ó pẹ́ tí a ti mọ̀ pé adití lè gbẹ̀kọ́ kí ó sì tún kọ́ni ní ilẹ̀ yìí: nǹkan bí 1960 ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ di adití, ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn adití ní Ìbàdàn.

Iṣẹ́ tí à ń yàn fún wọn pẹ̀lú ti gbó. Ní Òṣòdì, láti nǹkan bí 1956, ni ilé ìkọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú ti wà, ẹgbẹ́ aláàánú ni ó dá a sílẹ̀, ohun kan sì wà nínú ìlànà rẹ̀ tí mo fẹ́ràn: kí a kọ́kọ́ kọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ lágbà bí yóò ṣe máa fi ọ̀pá rìn fúnra rẹ̀, bí yóò ṣe máa fi ìka kàwé, bí yóò ṣe máa tẹ̀wé, kí iṣẹ́ ọwọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìpìlẹ̀ gidi nìyẹn. Àmọ́ ayé ti kọjá àwọn iṣẹ́ tí a sábà máa ń kọ́ afọ́jú: àga oníke ti lé àga tí a fi okùn hun kúrò ní ọjà, tẹlifóònù alágbèéká sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń dáhùn tẹlifóònù ní ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà tí ń ka ọ̀rọ̀ síta fún afọ́jú wà lónìí, ọ̀kan nínú ètò tí ó ń mú un sọ̀rọ̀, NVDA, ọ̀fẹ́ sì ni. Afọ́jú tí ó bá mọ̀ ọ́n lò lè kọ ìwé, kí ó ṣírò owó, kí ó dá oníbàárà báńkì lóhùn. Ìjọba tí ó bá sì ń kọ́ afọ́jú ní ọṣẹ ṣíṣe nìkan ní irú àkókò yìí ti fi ojú kéré ọpọlọ rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí iṣẹ́ sọ di aláàbọ̀ ara ni ó dùn mí jù. Òfin 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tí ó ń san sínú àpò kan tí àjọ Nigeria Social Insurance Trust Fund ń mójú tó, ó sì wà nínú òfin náà kedere pé kì í ṣe owó nìkan ni ẹni tí ó farapa yóò gbà, a ó tún ràn án lọ́wọ́ kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Òfin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tí ó já bọ́ láti orí ilé alájà méjì, ọlọ́kadà tí ọkọ̀ gbá, alágbàṣe tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́, ta ni agbanisíṣẹ́ wọn tí ó ń san 1 nínú 100? Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa. Káfíńtà tí ó pàdánù ẹsẹ̀ kan kò pàdánù ogún ọdún tí ó fi mọ igi. Ó ṣì lè wo pákó kí ó mọ èyí tí yóò wọ́, ó lè wọn ilé, ó lè kọ́ ọmọṣẹ́ márùn-ún. Kí a mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ìparun ìmọ̀ ni. Tábìlì iṣẹ́ tí ó ga tó ẹni tí ó jókòó, ẹsẹ̀ onígi tí ó bá a mu, àti owó díẹ̀ tí yóò fi tún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣí, ìyẹn ni ìrànlọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣòfin wa ní Abùjá àti ní àwọn ìpínlẹ̀, mo bẹ̀ yín: nígbà tí ìwé ìnáwó ọdún tí ń bọ̀ bá dé iwájú yín, tí ẹ sì rí owó ìkọ́ṣẹ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ti èṣí. Ẹ ní kí wọ́n sọ iye àwọn tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tí a kọ́ wọn, iye tí ó fi í sílẹ̀, àti ohun tí ó mú kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí kò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe fọwọ́ sí owó rẹ̀ títí yóò fi lọ wá àwọn ènìyàn náà kàn ní ilé wọn.