Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Inú Ọgbà: Ẹni Tí Kò Bá Lè Tọ́jú Rẹ̀, Kí Ó Dí I

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù keje tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní òkè òkun bẹ̀ mí pé kí n bá òun yọjú sí ilé òun ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Mo mọ ilé náà dáadáa. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ìṣílé rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọdé ń fò sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní swimming pool. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara ní ọjọ́ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ka iye táìsì tó wà ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, omi ọ̀hún ti dà bí ọbẹ̀ ewédú. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù ti dípẹtà, ilẹ̀kùn onírin tó yẹ kí ó dábùú ọ̀nà rẹ̀ sì ti ṣubú.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé náà ló wá sọ ohun tí kò tí ì lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ọmọ ọdún mẹ́ta kan láti ilé kejì sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ inú ọgbà. Bọ́ọ̀lù náà bọ́ sínú omi. Kí ọlọ́dẹ náà tó bojú wẹ̀yìn, ọmọ náà ti dojúbolẹ̀ létí adágún, ó ń nawọ́ sí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ló fi fà á padà. “Ọ̀gá, ká ní mo jáde lọ ra búrẹ́dì ní ọjọ́ náà ńkọ́?” Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. N kò rí èsì fún un.

Ìbéèrè náà ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé lónìí. Èrò tèmi kò lọ́jú pọ̀ rárá. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ilé, ẹ̀rọ ni. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣiṣẹ́, ìgbádùn ni fún onílé. Bí ó bá ti kú, ewu ni fún onílé àti fún àdúgbò. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lè tọ́jú tirẹ̀ mọ́, kí ó dí i pa.

Àwa tí a wà ní agbègbè yìí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yé jù. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ Festac Town láti gba àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ìlú tí a fètò sí ni: títì ọlọ́dà, omi ẹ̀rọ, ojú ìṣàn ìdọ̀tí lábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀ lónìí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ náà já sí. Oníkálukú ló ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, tàbí kí ó máa dúró de ọlọ́mọlanke tó ń ta omi nínú kẹ́ẹ̀gì. National Theatre ní Ìgànmú, tí a kọ́ fún àjọ̀dún kan náà, ní ìtàn tó jọ ọ́. A kọ́ ọ, a pa á tì, a tún fi owó ńlá tún un ṣe kí ó tó di ibi tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè, tí wọ́n sì ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Kíkọ́ nǹkan kò le fún wa. Ìtọ́jú ló le. Àṣà yìí kan náà ni a sì gbé wọ inú ọgbà wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò sọ ọ́. Adágún tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, tí jíjìn rẹ̀ sì tó mítà kan àbọ̀, yóò gba omi lítà 75,000. Ọkọ̀ agbómi tó ń gbé lítà 10,000 yóò já omi sínú rẹ̀ nígbà mẹ́jọ kí ó tó kún. Bí pọ́ǹpù rẹ̀ bá ń jẹ iná kílówáàtì kan, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, iná tí yóò jẹ lóòjọ́ jẹ́ yúníìtì mẹ́jọ. Ní iye ₦225 fún yúníìtì kan, tí wọ́n kéde fún àwọn oníbàárà Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦1,800 ni lójúmọ́, ₦54,000 sì ni lóṣù. A kò tí ì ka owó chlorine, owó òṣìṣẹ́, tàbí epo tí ẹ̀rọ amúnáwá yóò mu nígbà tí iná bá lọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Fún ẹni tó bá ní agbára rẹ̀, iṣẹ́ náà kò ṣòro láti lóye. Ohun mẹ́ta ni omi adágún ń fẹ́: kí ó máa rìn, kí a máa sẹ́ ẹ, kí a sì máa pa kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀. Pọ́ǹpù ló ń mú un rìn, asẹ́ oníyanrìn ló ń gba ìdọ̀tí rẹ̀, chlorine ló ń pa kòkòrò. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dákẹ́, méjì yòókù kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Bí omi bá di àwọ̀ ewé, chlorine inú rẹ̀ ló ti tán, tí ewé wínníwínní sì ti ń hù níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wa yóò kàn da chlorine sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n pH ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, èyí tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan. Láàárín 7.2 sí 7.8 ni ó yẹ kí ó wà. Bí ó bá ti tó 8, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún chlorine tí a dà sínú rẹ̀ ni yóò lágbára láti ṣiṣẹ́ gidi; owó ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ wọgbó. Lẹ́yìn tí a bá ti tún pH ṣe, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì họ ara ògiri, kí a da chlorine sí i ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé oòrùn máa ń run ún, kí a sì jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Bí omi bá funfun bí omi ògì, ẹ wo asẹ́. Ago kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí ń sọ bí omi ṣe ń tì í tó. Bí ọwọ́ ago náà bá ti fi psi 8 sí 10 ga ju bí ó ti wà nígbà tí asẹ́ mọ́, ó ti kún fún ìdọ̀tí nìyẹn. Kí a dá omi padà gba inú rẹ̀ títí èyí tó ń jáde yóò fi mọ́. Yanrìn inú rẹ̀ pàápàá kì í ṣe ohun ayérayé. Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún, ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Bí omi bá di pupa rẹ́súrẹ́sú bíi tíì, ọ̀rọ̀ tiwa gan-an nìyẹn. Omi kànga ẹ̀rọ púpọ̀ ní Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní irin nínú. Ó lè mọ́ nígbà tó ń jáde, ṣùgbọ́n bí chlorine bá ti kàn án, irin náà yóò yí àwọ̀ padà. Ẹ má ṣe fi chlorine kún chlorine. Kí a fi álọ́ọ̀mù sí i, kí a pa pọ́ǹpù mọ́jú kí ìdọ̀tí lè tòrò sílẹ̀, kí a sì fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà dà síta láìjẹ́ kí ó gba inú asẹ́. Ohun tó dára jù ni kí omi kànga kọ́kọ́ gba inú asẹ́ tí ń yọ irin kí ó tó dé inú adágún.

Bí pọ́ǹpù bá ń pariwo tí kò sì fa omi, kí a tó sáré lọ ra òmíràn, ẹ wò bóyá omi ti lọ sílẹ̀ ju ojú ihò tí ó ń gbà wọlé lọ. Ẹ wo apẹ̀rẹ̀ inú pọ́ǹpù bóyá ewé ti dí i. Ẹ wo rọ́bà ìdérí rẹ̀ bóyá ó ti sán. Nígbà púpọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fà dípò omi.

Àṣìṣe kan wà tó lè sọ ilé di àwókù ní agbègbè olómi bí tiwa. Òun ni kí ènìyàn fa gbogbo omi inú adágún gbẹ nígbà òjò. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa kò jìnnà sójú ilẹ̀ rárá. Adágún tó ṣófo dà bí igbá òfìfo lórí odò. Omi ìsàlẹ̀ yóò tì í sókè, ògiri rẹ̀ yóò lanu, páìpù rẹ̀ yóò já. Ẹni tó bá fẹ́ fa tirẹ̀ gbẹ, kí ó dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì pe akọ́lé tó mọṣẹ́.

Àwọn tí a gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ náà jẹ́ ẹ̀dá. Ọmọkùnrin tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ike chlorine kò yẹ kí ó máa ṣiṣẹ́ láìní ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú. Bí ásíìdì bá pàdé chlorine nínú garawa kan, afẹ́fẹ́ májèlé ni yóò jáde, ó sì lè pa ènìyàn. Inú omi ni a ń da kẹ́míkà sí. A kì í da omi lé kẹ́míkà lórí.

Àwọn kan yóò ní, “Ilé mi ni, owó mi ni, kí ló kan aládùúgbò?” Ó kàn án púpọ̀. Ẹ̀fọn kò mọ ààlà ilẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin rẹ̀ ti di tanwíji, tanwíji ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Orílẹ̀-èdè wa ló sì ń ru nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àìsàn ibà lágbàáyé. Àwọn àgbà wa rántí wolé-wolé tó máa ń ṣí ìkòkò omi ìyá àgbà wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, tí yóò sì bu owó ìtanràn lé e. Ìkòkò kan ṣoṣo nìyẹn o! Lónìí, omi lítà 75,000 ń bàjẹ́ lẹ́yìn ògiri gíga, kò sí ẹni tó ń bi onílé léèrè.

Ẹ̀mí àwọn ọmọdé ló tún ga ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2024, wọ́n ní nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa ní ọdún 2021, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni kò tí ì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Omi aláwọ̀ ewé tilẹ̀ burú ju omi mímọ́ lọ, nítorí pé ẹni tó rì sínú rẹ̀, a kò ní rí i láti òkè. Ilẹ̀ Faransé kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú onílé. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ní òfin pé adágún inú ọgbà gbọ́dọ̀ ní ọgbà tó yí i ká, tàbí ìdérí, tàbí ilé tó bò ó, tàbí agogo ìkìlọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí ni kí a ṣe? Kí onílé tó bá ní adágún mọ ọgbà yí i ká, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ti ara rẹ̀, kí ó sì ní kí oníṣẹ́ iná yẹ wáyà pọ́ǹpù àti gílóòbù inú omi wò déédéé. Kí àwọn ẹgbẹ́ onílé, tí wọ́n ń gba owó ọlọ́dẹ àti owó géètì lóṣooṣù, mọ iye adágún tó wà ní òpópónà wọn, kí wọ́n sì mọ èyí tó ti kú. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin rán àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká wọ inú ọgbà àwọn olówó bí wọ́n ṣe ń wọ àgbàlá àwọn tálákà. Ilé tí onílé rẹ̀ kò sí nílùú ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e mọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọjà ti gbówó lórí fún gbogbo wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó fa omi rẹ̀ gbẹ, kí ó lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi òjò má baà dúró síbẹ̀, kí ó sì da yanrìn dí i. Ohun tí a dí lónìí ṣeé gbẹ́ lọ́la. Ọmọ tó bá ti bá omi lọ kì í padà wálé.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta náà fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè iye tí ilẹ̀kùn tuntun àti àgádágodo yóò jẹ. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n ti fi igi àti páànù dí ọ̀nà náà, ó sì ti ṣèlérí pé bí òjò bá ti dá, yanrìn ni yóò gba ibẹ̀. Ọlọ́dẹ náà ní òun yóò gbin ewédú sórí rẹ̀.