Kí ni okùn ń ṣe nínú báluwẹ̀ òyìnbó?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Peckham tàbí Tottenham rí, ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín. Ẹ wọ báluwẹ̀ lóru, ẹ ń fọwọ́ pa ògiri kiri, ẹ ò rí súìṣì. Àṣé okùn kan ló ń rọ̀ dirodiro látòkè àjà, òun lẹ máa fà kí iná tó tàn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Kò sí, àfi kékeré tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n. Àwọn kan nínú wa á ní àṣejù òyìnbó ni. Kì í ṣe àṣejù rárá. Wọn ò fẹ́ kí ọwọ́ tó tutù kan súìṣì ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó wọ bàtà, tára ẹ̀ gbẹ, iná lè ta á kó sì yè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níhòhò, tómi ń ṣàn lára ẹ̀, tó fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù, olúwa ẹ̀ ti di wáyà fúnra ẹ̀. Bó bá fọwọ́ kan hítà tíná ti jò sí lára, iná á gba ọwọ́ wọlé, á gba àyà kọjá, á gba ẹsẹ̀ jáde. 230 fólítì niná tiwa, 230 náà ni tiwọn. Ọ̀dọ̀ wọn la ti kó púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá à ń lò. Ọgbọ́n tó wà nídìí ẹsẹ̀ kẹta yẹn la ò kó wálé.

Ẹsẹ̀ kẹta, èyí tó gùn jù, òun ni ẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé bíná bá jò sára irin, kó rí ọ̀nà tó rọrùn gbà lọ, kí fíúùsì sì já kíá. Láyé ijọ́un, páìpù omi làwọn òyìnbó ń so ẹ́ẹ̀tì mọ́, torí irin tàbí òjé tó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ ni. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà. Àfi bí páìpù oníke ṣe dé. Wọ́n á pààrọ̀ páìpù lójú títì, ẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé á sì lọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Òfin wọn ò gba páìpù omi yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ́ẹ̀tì mọ́ lónìí.

Ọdún 1882 làwọn ẹnjiníà wọn ti kọ́kọ́ kọ ìwé òfin iná, ìbẹ̀rù kíná má jólé ló sì mú wọn kọ ọ́. Nígbà tó di ẹ̀dà kẹẹ̀ẹ́dógún lọ́dún 1981, wọ́n le mọ́ ọ̀rọ̀ báluwẹ̀ gan-an: páìpù omi gbóná, páìpù omi tútù, ọpọ́n ìwẹ̀ onírin, gbogbo irin tọ́wọ́ lè tó, kí wọ́n fi wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò so wọ́n pọ̀. Kí nìdí? Ẹ wo ẹyẹ tó bà sórí wáyà NEPA (a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti kógbá wọlé láti 2005). Kí ló dé tíná ò pa á? Ohun kan náà lẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wà lórí ẹ̀. Bí gbogbo irin inú báluwẹ̀ bá so pọ̀, ìwọ tó o di méjì mú ti dẹyẹ nìyẹn.

Ẹ̀dà kẹtàdínlógún ti 2008 ló wá yí i padà. Ó ní gbogbo wáyà tó ń gbéná lọ sí báluwẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú RCD kọjá, èyí táwọn oníná wa a máa pè ní ELCB. Bí ìyá ọlọ́jà ni kinní ọ̀hún rí: ó ń ka iná tó jáde, ó ń ka èyí tó padà wálé. Bí ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ámpíà kan bá dín, ó ti mọ̀ pé ara ẹnì kan ló ń gbà jáde, á sì paná kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Púlọ́ọ̀gì 13 ámpíà ń gbé ju irinwó ìlọ́po ìyẹn lọ! Bí RCD bá wà, tí wọ́n sì ti so páìpù onírin mọ́ ẹ́ẹ̀tì níbi tó ti wọlé, òfin gbà kí wọ́n fi síso inú báluwẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n dẹ òfin. Lójú tèmi, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n pààrọ̀. Bó ṣe wà náà nìyẹn nínú ẹ̀dà kejìdínlógún ti 2018.

Ẹ ní kọ́mọ yín tó háyà ilé ní England náà mọ èyí: láti 2020 lòfin ti ní kí lánlọ́ọ̀dù máa yẹ iná ilé wò, ó kéré tán lọ́dún márùn-ún márùn-ún, kó sì fún ayálégbé ní ìwé àyẹ̀wò náà láàárín ọjọ́ 28. Kó béèrè tiẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ìdérí báírò la fi ń ṣí ihò ẹ́ẹ̀tì kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Oníná á so hítà mọ́gi, á gé wáyà ẹ́ẹ̀tì dànù, á ní kò wúlò. Páìpù oníke ló pọ̀ jù nínú àwọn ilé tuntun wa, ike ò sì nílò síso. Ohun tẹ́ ẹ máa bi oníná ni pé: ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì dà? Ṣé wáyà ẹ̀ dé ìdí hítà? RCD ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra o, ẹ má jẹ́ kó so irin ilé pọ̀ nígbà tí ẹ́ẹ̀tì gidi ò sí, torí bíná bá jò sí hítà kan, gbogbo ẹnu ẹ̀rọ irin nínú ilé ló máa gbéná.

RCD ní bọ́tìnnì kékeré kan tí wọ́n kọ T sí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí kò bá paná, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín bóyá ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì dára, oníná tó ní ẹ̀rọ ìwọnná ló lè ṣèyẹn. Ẹni tó sì ń ki irin bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi gbómi kaná, ẹ ṣe é ní kíṣìn, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọmi wò, kẹ́ ẹ tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọ báluwẹ̀.