Ẹ Yé Fi Ọ̀rọ̀ Ìwà Bo Ọ̀rọ̀ Omi Mọ́lẹ̀

Bí àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìgbèríko wa, kò ní í pẹ́ tí àwọn kan á fi gúnlẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí wọ́n á máa sọ fún wa pé inú orí wa ni àrùn náà ti jáde. Wọn kò ní í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣá. Wọ́n á ní ìwà wa ni, ìgbàgbọ́ wa ni, ìrònú wa ló yẹ kó yí padà. Èmi ò gbà. Irọ́ ni. Aṣọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó wọ̀ ni kò jẹ́ kí a tètè dá a mọ̀, àwa ará Ìbàràpá ló sì yẹ kó wà níwájú nínú àwọn tó máa já a, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pa á fún wa.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ sòbìà. Àwọn ọmọ òde òní ò mọ̀ ọ́n mọ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ bi àwọn àgbà Ìdèrè, n'Ìbàràpá wa níbí. Aràn tẹ́ẹ́rẹ́ funfun ni, ó lè gùn tó mítà kan. Ènìyàn á mu omi odò tàbí omi ìkúdù tí kòkòrò tíntìntín tó ti gbé ọmọ aràn náà mì wà nínú rẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún nǹkan bí ọdún kan láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á wú, á lé ròrò, ròrò á bẹ́, orí aràn á yọ. Wọ́n á máa fi igi kékeré ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú sùúrù, nítorí bó bá lọ já sínú, wàhálà dé nìyẹn. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jà jù lọ́dọ̀ wa, nígbà tí odò ti fà, tí gbogbo ìlú ń du ìwọ̀nba omi tó kù. Àgbẹ̀ tó yẹ kó ti máa palẹ̀ oko mọ́ de òjò àkọ́rọ̀ á na ẹsẹ̀ sórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọmọ ilé-ìwé ò ní í lè rìn dé kíláàsì.

Igbó-Ọrà ni Yunifásítì Ìbàdàn fi ṣe ibùdó iṣẹ́ ìlera ìgbèríko rẹ̀ láti ọdún 1963. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń wá gbé láàárín wa, kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ṣe ń rí níbi tí kò ti sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn nítòsí. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní í bù ú kù. Ìdèrè ò jìnnà sí Igbó-Ọrà, kò sì pẹ́ tí àwọn olùwádìí fi gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ torí sòbìà. William Brieger, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, wà lára wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Joshua Adéníyì náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé sòbìà wà lára gbogbo ẹ̀dá, bí iṣan ṣe wà lára. Wọ́n gbọ́ ọ pé ọwọ́ Ṣọ̀pọ̀nná wà níbẹ̀. Kí n má purọ́ mọ́ Brieger, òun gan-an wà lára àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yẹ kí oníṣègùn tẹ́tí sí ohun tí ará oko mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ìwádìí, tó dé ọ́fíìsì, tó dé orí rédíò, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń kù nínú rẹ̀: àìmọ̀kan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Omi ló wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní omi tó mọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí kò sì mu òmíràn, lè gba ohun tó bá wù ú gbọ́ nípa sòbìà títí ayé, sòbìà ò ní í mú un.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo bí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti ìlú ńlá, bàtà rẹ̀ ń dán, fáìlì wà lábíyá. Ó bá ìyá àgbà kan nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i, ó wá bèèrè pé, “Màmá, kí lẹ rò pé ó ń fa sòbìà?” Ìyá ní, “Ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lẹ mọ̀ ọ́n. Kí làwa mọ̀?” Ọ̀dọ́mọkùnrin fa ìlà sí iwájú “kò mọ̀”. Ó tún bèèrè pé, “Ṣé ẹ máa ń sẹ́ omi kẹ́ ẹ tó mu ún?” Ìyá ní, “À ń sẹ́ ẹ dáadáa, ọmọ mi.” Ó tún fa ìlà. Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá dé Ìbàdàn, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wò ó tìyanu-tìyanu: àwọn ènìyàn wọ̀nyí ò mọ nǹkan kan, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe ohun tó tọ́!

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí ìyá yẹn ṣe? Ó bu ọlá fún àlejò. Ó sì ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín, títí tó fi máa mọ̀ bóyá oògùn ni ọmọ náà gbé wá tàbí owó orí. Ìdáhùn kejì náà, ìwà ọmọlúàbí ni; ta ló ń sọ fún àlejò pé òun ò ṣe ohun tí àlejò fẹ́ kí òun ṣe? Ká ní àna rẹ̀ ló jókòó tì í tó dá ọ̀rọ̀ sòbìà sílẹ̀ ni, títí di ọ̀sán ni ìyá yẹn ì bá máa sọ odò tí wọ́n ti ń mu ún, ọdún tó burú jù, ilé tí wọ́n ti dùbúlẹ̀ tọmọtọmọ.

Ní 1987, Jonathan Potter àti Margaret Wetherell tẹ ìwé kan jáde ní Ìlú Ọba tí wọ́n pè ní Discourse and Social Psychology. Ohun tí wọ́n bá àwọn onísàìkọ́lọ́jì fà nìyí: ohun tí ẹ̀ ń pè ní ìwòye àwọn ènìyàn kò sí nínú orí wọn bí iṣu ṣe wà nínú àká, tí ẹnikẹ́ni fi lè wọlé lọ kà á. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ fún ẹnìkan, níbì kan, torí nǹkan kan ni. Ẹni kan náà lè sọ òmíràn níbòmíràn kó má sì jẹ́ òpùrọ́. Nítorí náà, ẹ yé wá ohun tó fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe. (Kò sí àgbà kan tó ti parí ìjà lọ́kọláya rí tí èyí máa jẹ́ tuntun sí, àmọ́ a dúpẹ́ pé Ìlú Ọba gbọ́.) Ọdún náà gan-an ni àwọn tiwa ṣì ń pín fọ́ọ̀mù kiri abúlé láti wọn ìmọ̀, ìwòye àti ìṣe, bí ẹni ń wọn gàárì.

Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe la fẹ́ wò, a ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá yẹn. Ẹ gbé ìkéde ìlera èyíkéyìí kalẹ̀, kí ẹ wo ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ̀ ń mu omi ẹlẹ́gbin. Ẹ kì í fọwọ́. Ẹ̀ ń yàgbẹ́ sígbó. Àwa la ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ wá sún dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ. Omi ò yọ. Ẹ̀rọ bàjẹ́. Owó ò tíì jáde. Ta ló ba ẹ̀rọ jẹ́? Ta ló jókòó lé owó? Kò sẹ́nì kankan. Ìgbà tí ìjọba bá ń “sapá” tàbí tó bá ń “gbé ìgbésẹ̀” nìkan ló máa ń yọjú nínú gbólóhùn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán. Wọ́n ti dájọ́ tán kí wọ́n tó pe ẹlẹ́jọ́.

Àṣà dídá ọkàn ènìyàn lẹ́bi yìí ò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé J. C. Carothers jáde, dókítà òyìnbó tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Nairobi. Ó ní ọkàn ènìyàn dúdú jọ ti òyìnbó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ní iwájú ọpọlọ. Nígbà tí ìjà Mau Mau gbóná ní Kẹ́ńyà, òun náà ni ìjọba amúnisìn ránṣẹ́ sí, ó sì kọ ìwé sàìkọ́lọ́jì lé e lórí ní 1954. Àwọn Kikuyu tó ń jà ń pariwo pé òyìnbó gba ilẹ̀ àwọn. Dókítà ń wo ọkàn wọn. Ọdún 1954 yẹn náà ni Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, tó fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, tó sì fi àwọn adáhunṣe kún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Lambo ò gba ọ̀rọ̀ Carothers, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mọ́ mi.

Àwọn òyìnbó lọ, orin náà ò lọ. Buhari àti Idiagbon gbé ogun ti ìwà àìdáa dé ní 1984, pẹ̀lú kòbókò. Babangida gbé ètò ìlanilọ́yẹ̀ tí wọ́n pè ní MAMSER dé ní 1987. Buhari tún padà wá, ó sì ní ní 2016 pé àyípadà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ èmi. Lọ́dọ̀ èmi kẹ̀!

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fún mi. Wọ́n á ní ṣebí ìlanilọ́yẹ̀ àti aṣọ asẹ́ ló lé sòbìà lọ, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò sì ní í sá fún un. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà ń bá jà ní Nàìjíríà láàárín 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ẹni tó ní i kẹ́yìn, ní Ezza Nkwubor ní ìpínlẹ̀ Enugu ni, ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà ní oṣù kejìlá ọdún 2013. Omi ẹ̀rọ ò tíì dé gbogbo abúlé títí di òní. Asẹ́ ṣiṣẹ́. Oògùn tí wọ́n ń dà sódò ṣiṣẹ́. Àwọn ará abúlé tó ń tọ́ka ẹni tí sòbìà mú, kó má baà ki ẹsẹ̀ bọ odò, ṣiṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kí ni asẹ́? Ohun tí wọ́n fi síni lọ́wọ́ ni. Kò sí ẹni tó ní kí ìyá àgbà kọ́kọ́ sẹ́ Ṣọ̀pọ̀nná kó tó lè sẹ́ omi. Ó gbà pé sòbìà wà lára gbogbo ẹ̀dá, ó sì sẹ́ omi rẹ̀. Méjèèjì gba inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ni ògiri tí wọ́n ní ó jẹ́, báwo ni aṣọ pélébé ṣe kọjá lára rẹ̀? Ẹni tí kò bá sì rí owó asẹ́ nígbà tí wọ́n ń tà á, ṣé “kò mọ̀” lẹ máa kọ sí iwájú orúkọ tirẹ̀ náà?

Èyí tó ń bí mi nínú jù báyìí ni ti ìtìjú. Ọ̀nà kan wà láti fòpin sí yíyàgbẹ́ sí gbangba, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kamal Kar dá sílẹ̀ ní Bangladesh ní nǹkan bí ọdún 2000, tó ti dé Nàìjíríà. Wọ́n á kó ará abúlé jọ, wọ́n á ní kí wọ́n ya ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí sórí ilẹ̀. Wọ́n á kó wọn lọ wò ó. Wọ́n á fi nǹkan tó kan ìgbẹ́ bọ inú omi, wọ́n á ní ta ló fẹ́ mu ún. Níṣojú ọmọ àti ọmọọmọ! Wọ́n ní ojú tó bá ń ti wọn ló máa jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá. Ẹ lọ ṣe é ní Bódìjà n'Íbàdàn kí n rí i. Ẹ lọ ṣe é ní sẹkitéríàtì, níbi tí ilé ìyàgbẹ́ ti máa ń wà ní títì. Ọ̀rọ̀ owó ni ṣáláńgá: owó sìmẹ́ńtì, owó àwọn tó máa gbẹ́ ẹ, àti onílé tó ń gba owó háyà tí kò kọ́ nǹkan kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ ààrẹ kẹsàn-án pé nígbà tó bá fi di 2025, kò ní í sí ẹni tó ń yàgbẹ́ sí gbangba mọ́ ní Nàìjíríà. Gbèdéke náà ti pé, ìgbẹ́ ṣì wà nígbó. Ojú ta ló tì?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ máa wá sí Igbó-Ọrà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ mú fọ́ọ̀mù yín dání, mi ò ní kẹ́ ẹ má mú un. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un: ọjọ́ wo ni ẹ̀rọ omi àdúgbò yìí yọ omi kẹ́yìn, ta ni wọ́n sì ń san owó oṣù fún nídìí rẹ̀? Ẹ gbé fọ́ọ̀mù náà dé ọ́fíìsì alága ìjọba ìbílẹ̀, dé ọ́fíìsì kọmíṣánnà n'Íbàdàn, kí ẹ bi àwọn náà léèrè ìgbàgbọ́ àti ìwà tiwọn nípa omi. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹ ò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ má wulẹ̀ wá bi àwọn ìyá wa léèrè ohun tí wọ́n rò nípa omi tí ẹnikẹ́ni ò fún wọn.