Ọmọ wa kàwé jáde: ẹ jẹ́ ká kí i, ká sì fún un níṣẹ́



Lónìí, a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú oríire! Ẹ ṣe ìdánwò, ẹ sì yege. A kí ẹ̀yin òbí náà. Iṣu tí ẹ tà, gààrí tí ẹ yan, owó àjọ tí ẹ kó, àwọn ló di ìwé ẹ̀rí yẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká bá ara wa sọ. Bí ọmọ bá gbé ìwé ẹ̀rí wálé, kí la máa ń kọ́kọ́ bi í? A máa ń bi í pé: «Ṣé ìjọba ti gbà ọ́ síṣẹ́?» Bí ó bá ní rárá, àwọn kan nínú wa a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú a ti ọmọ náà. A sá lọ sí Kútọnu, kò sì ní fẹ́ wálé mọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí. Ní ọdún 1970 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀, ní Abomey-Calavi. Nígbà náà, Dahomey ni orúkọ ilẹ̀ wa. Àwọn tó ń kàwé jáde kò pọ̀, ìjọba sì ń gbà wọ́n síṣẹ́. Kí ọdún 1989 tó parí, owó ìjọba ti gbẹ. Kò lè gba gbogbo wọn mọ́. Ẹ̀bi ọmọ kọ́.

Kí wá ni ìwé náà wúlò fún? Ẹ wo Kétu. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ gíga ti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà. Àwọn kan ń sọ pé: «Ṣé ọmọ mi á kàwé tán, kó tún wá di ọkọ́ mú?» Ẹ̀yin ará, ọkọ́ ló ra bíìkì. Kò yẹ kí bíìkì kẹ́gàn ọkọ́.

Àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa a máa bu. Májèlé wà nínú àgbàdo tó bu, iná kì í sì í pa á tán. Ọmọ tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lè fi hàn wá bí a ṣe ń sá àgbàdo kó tó wọ àká.

Ní ọdún 1999, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, oògùn kòkòrò òwú tí wọ́n ń pè ní endosulfan pa ènìyàn. Àwọn kan jẹ oúnjẹ tí oògùn náà kàn. Ìkìlọ̀ máa ń wà lára agolo oògùn, ní èdè Faransé. Ọmọ wa lè kà á, kó túmọ̀ rẹ̀. Àwa náà a kọ ọ́ sínú ìwé wa ní èdè Yorùbá.

Nítorí náà, bí ọmọ bá dé, ẹ má ṣe jẹ gbèsè nítorí àsè. Ẹ se ohun tó wà nílé. Ẹ mú un lọ wo oko. Ẹ pè é sí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ó sọ ohun tó mọ̀. Bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá sì fún un níṣẹ́ ṣe, kí ẹgbẹ́ san owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin náà, ẹ fetí sílẹ̀. Ìyá tí kò kàwé mọ ibi tí omi máa ń dúró sí nínú oko rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, rántí ọjọ́ tí o kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ. Inú rẹ dùn. Ẹnikẹ́ni kò bi ọ́ pé èló ni wọ́n máa san fún ọ. Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe kí ọmọ rẹ lónìí.

Ẹ kú oríire o!